Báyósẹ́ńsọ̀ onímọ́lẹ̀ wo ló yẹ iṣẹ́ yín? Ìfiwéra ọ̀nà márùn-ún tí a fi ń wo bí mólékù ṣe ń so pọ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí oògùn ṣe ń di mọ́ pùrótéènì, tàbí bí antibody (pùrótéènì tí ara fi ń gbógun ti àrùn) ṣe ń rọ̀ mọ́ ohun tí ara ṣe é fún, kò lè fi ojú lásán rí i. Kí ó tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn méjèèjì so pọ̀ kò tíì tó. Ohun tí ó ń wá ni bí wọ́n ṣe tètè so tó, àti bí yóò ti pẹ́ tó kí wọ́n tó tú. Iṣẹ́ báyósẹ́ńsọ̀ onímọ́lẹ̀ nìyẹn. A ó so ọ̀kan nínú mólékù méjèèjì mọ́ ojú ẹ̀rọ, a ó jẹ́ kí èkejì bá omi wá bá a, ìmọ́lẹ̀ yóò sì máa sọ fún wa, ní ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú àáyá, iye tí ó ti dé àti iye tí ó ti lọ, láìjẹ́ pé a fi àwọ̀ tàbí ohun mìíràn sàmì sí èyíkéyìí nínú wọn. Nínú ìfiwéra yìí, n ó máa pe èyí tí a so mọ́ ojú ẹ̀rọ ní onílé, n ó sì máa pe èyí tí ó ń bọ̀ láti inú omi ní àlejò.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ẹ̀rọ: èwo ló jáde kẹ́yìn, èwo ni làbù kejì rà. Mo ka èyí sí ìbẹ̀rẹ̀ tí kò dára. Àwọn onímọ̀ méjì, Rebecca Rich àti David Myszka, ní Utah ní Amẹ́ríkà, ka àwọn àpilẹ̀kọ 1,413 tí àwọn onímọ̀ fi irú ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2008, wọ́n sì ní èyí tí kò tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò yege bí a bá fi òṣùwọ̀n kẹ́mísìrì ilé-ẹ̀kọ́ girama díwọ̀n wọn. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ tí wọ́n lò kò dára. Onílé ni wọ́n kó jọ jù sí ojú kan, tàbí wọn kò fi omi lásán ṣe ìfiwéra, tàbí wọ́n fa ìlà gba àárín àmì tí kò jọ ìlà náà rárá. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ẹ mú ni èyí tí àbùkù rẹ̀ kò bọ́ sí ibi tí iṣẹ́ yín ti ń wá òótọ́.

Ohun tí a ó fi díwọ̀n wọn

Àkọ́kọ́ ni ìwúwo àlejò. Gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí ń wo bí ohun tí ó wà létí ojú ẹ̀rọ ṣe ń pọ̀ sí i, nítorí náà àlejò kékeré ń fún wa ní àmì kékeré. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi ìwúwo onílé pín ìwúwo àlejò, kí ẹ sì fi iye àmì tí onílé fúnra rẹ̀ fún yín sọ èsì náà di púpọ̀. Bí pùrótéènì tí ó wúwo tó 30,000 dalton (òṣùwọ̀n ìwúwo mólékù) bá gba ààyè 5,000 RU lójú chip, ìyẹn pélébé kékeré tí a ń so onílé mọ́, oògùn tí ó wúwo tó 300 dalton kò lè fún yín ju 50 RU lọ, bí gbogbo onílé bá tilẹ̀ wà láàyè tí àlejò kọ̀ọ̀kan sì rí ibi jókòó. RU ni òṣùwọ̀n tí àwọn ẹ̀rọ onípélébé wúrà ń lò; 1 RU fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwúwo píkógíráàmù kan lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kan.

Ìkejì ni bí àlejò ṣe máa ń pẹ́ tó. Bí ìdá ìtúká rẹ̀, ìyẹn ìdá tí ń tú nínú àwọn tí ó so, bá jẹ́ 10⁻⁴ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdajì àwọn tí ó so yóò lọ láàárín wákàtí méjì ó dín díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 10⁻⁵, ìdajì yẹn yóò gba wákàtí mọ́kàndínlógún, àti pé kí a tó rí i kí ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún lọ, a óò dúró fún bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ tí ìlà ìpìlẹ̀ rẹ̀ (àmì tí ó ń fún wa nígbà tí ohunkóhun kò so) kò dúró jẹ́ẹ́ kò lè ríran débẹ̀. Ní apá kejì, àwọn mólékù kéékèèké tí a máa ń fi bẹ̀rẹ̀ wíwá oògùn lè dé kí wọ́n sì ti lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí sì ń fẹ́ ẹ̀rọ tí omi rẹ̀ lè yí padà kíákíá.

Ìkẹta ni bí ohun tí a fẹ́ wò ṣe mọ́ tó àti iye rẹ̀ tí a ní lọ́wọ́. Ìkẹrin ni iye ìsopọ̀ tí a fẹ́ wò: mẹ́ta ni, àbí ọ̀ọ́dúnrún? Owó ló kẹ́yìn, àti ohun tí kì í hàn nínú ìwé owó, bíi chip àti ọ̀pá tí a ń rà lemọ́lemọ́, àdéhùn àtúnṣe ọdọọdún, àti bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe nígbà tí iná bá lọ. Fún ẹni tí làbù rẹ̀ wà ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, mo rò pé ìlà tí ó gbẹ̀yìn yìí ni kí ó kọ́kọ́ kà. Ẹ̀rọ tí ọ̀nà omi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun kò fẹ́ràn kí omi iyọ̀ dúró gbẹ nínú rẹ̀. Ní làbù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, iná lọ lóru, ẹ̀rọ tí ń mú iná padà kò mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, a sì fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko fọ inú ẹ̀rọ náà kí ìlà ìpìlẹ̀ rẹ̀ tó dúró.

SPR olómi ṣíṣàn: Biacore àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀

SPR, ìyẹn surface plasmon resonance, ni àgbà láàárín wọn. Ní ọdún 1983, Bo Liedberg, Claes Nylander àti Ingemar Lundström ní Linköping, ní orílẹ̀-èdè Sweden, fi hàn pé a lè lo ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe lójú wúrà láti mọ̀ bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń so. Ní 1990, ẹ̀rọ Biacore àkọ́kọ́ jáde láti Uppsala, ní Sweden náà. Pélébé wúrà kan tí nínípọn rẹ̀ tó 50 nánómítà ló wà lójú gíláàsì. A ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i láti ìsàlẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kan pàtó sì ni wúrà náà ń gbé ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún mì, tí òkùnkùn yóò fi hàn nínú èyí tí ó ń padà bọ̀. Bí nǹkan bá so mọ́ òkè wúrà náà, ibi tí òkùnkùn yẹn wà yóò sún. Agbára yìí kì í kọjá ọgọ́rùn-ún mélòó kan nánómítà sínú omi, ìdí nìyẹn tí ohun tí ó ń léfòó jìnnà sí ojú chip kò fi ń yọ wá lẹ́nu púpọ̀.

Agbára rẹ̀ wà nínú bí omi ṣe ń ṣàn. Ojú òfìfo máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tí onílé wà; a ó yọ àmì òfìfo kúrò nínú ti onílé, a ó tún yọ àmì omi lásán tí a fi ránṣẹ́ láìsí àlejò nínú rẹ̀. Ìyọkúrò lẹ́ẹ̀mejì yìí, tí Myszka tẹnu mọ́ gan-an, ló jẹ́ kí a lè gbà pé ohun tí ó ṣẹ́ kù jẹ́ ìsopọ̀ lóòótọ́. Ẹni tí kò bá ṣe é, bí ó ti wù kí ẹ̀rọ rẹ̀ gbówó lórí tó, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tí mo ń kà sílẹ̀ yìí, SPR olómi ṣíṣàn ni ó rọrùn jù láti ṣe èyí lé lórí dáadáa.

Ìmọ̀lára rẹ̀ yìí kan náà ni wàhálà rẹ̀. Bí ooru omi bá yí padà ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì, àmì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1 RU, nítorí náà ni ẹ̀rọ rere fi ń so ooru ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ti DMSO, omi tí a fi ń yọ́ oògùn, tún burú jù bẹ́ẹ̀: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ń gbé àmì sókè ju ẹgbẹ̀rún RU lọ. Ẹ padà sí oògùn 300 dalton tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Àmì rẹ̀ kò lè ju 50 RU lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni bí DMSO inú omi oògùn bá fi 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún péré yàtọ̀ sí ti omi tí ń ṣàn, àṣìṣe yẹn nìkan lè lé ní 100 RU. A máa ń ṣe àtúnṣe sí i pẹ̀lú ọ̀wọ́ omi tí a mọ ìwọ̀n DMSO inú wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó po omi náà gbọ́dọ̀ mọ́ ṣáá.

Ohun kejì tí ó máa ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni pé onílé lè pọ̀ jù. Inú àwọn èèyàn máa ń dùn bí àmì bá ga, ṣùgbọ́n bí onílé bá kún ojú chip, àlejò kò ní tètè dé bí ó ti yẹ, nítorí omi kò lè gbé e wá bí onílé ṣe ń gbà á. Bí ọ̀kan bá sì tú, onílé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò tún mú un kí omi tó gbé e lọ. Ìlà tí ẹ óò rí yóò sọ pé ìtúká falẹ̀, nígbà tí kò falẹ̀. Ìdánwò rẹ̀ kò ná wa ní nǹkan kan: ẹ yí ìyára omi padà. Bí ìdá ìsopọ̀ bá yí padà pẹ̀lú rẹ̀, omi lẹ ń wọ̀n. Fún antibody àti pùrótéènì, mo máa ń fi onílé sílẹ̀ ní ìwọ̀n tí àmì tí ó ga jù kò ní kọjá 100 RU, mo sì gbà pé kí ìlà kékeré tí ó mọ́ sàn ju òkè ńlá tí ó ń parọ́ lọ.

Owó rẹ̀ ni ọ̀rọ̀. Àwọn irú ẹ̀rọ yìí tí ń dá ṣiṣẹ́ láìsí ọwọ́ ènìyàn ń gba owó tí a ń kà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún dọ́là, àtúnṣe ọdọọdún sì ń tẹ̀ lé e. Ó tún fẹ́ kí omi àlejò mọ́, kí ó má ní ìdọ̀tí tí yóò dí ọ̀nà, kí ẹnìkan sì wà tí ó mọ bí a ṣe ń fọ onílé kí àlejò tí ó ti so lè kúrò láì pa onílé. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ mólékù kéékèèké, tàbí bí ìwé tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àjọ tí ń gba oògùn wọlé bá nílò ìdá ìsopọ̀ àti ìtúká tí kò ṣeé jà níyàn, kò sí èyí tí mo gbà ju èyí lọ nínú márààrún.

BLI: ọ̀pá tí a ń rì bọ omi

BLI ni biolayer interferometry; ẹ̀rọ rẹ̀ ni Octet, tí ilé-iṣẹ́ Sartorius ń tà báyìí. Ìtàn bí ó ṣe dọ́wọ́ wọn yẹ ní gbígbọ́ díẹ̀: nígbà tí Danaher, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, ń ra ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ GE tí ń ṣe Biacore, èyí tí wọ́n wá sọ di Cytiva ní 2020, àwọn aláṣẹ ètò ìdíje ní Amẹ́ríkà ní kí ó tà Octet tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí àwọn méjèèjì má bàa wà lábẹ́ òrùlé kan. Ìyẹn nìkan fi hàn pé àwọn tí wọ́n mọ ọjà náà kà wọ́n sí ojúgbà.

Kò sí pọ́ǹpù, kò sí ọ̀nà omi. Onílé wà lẹ́nu ọ̀pá kékeré kan. Ẹ̀rọ yóò gbé ọ̀pá méjì, mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò rì wọ́n sínú ihò àwo tí àlejò wà, yóò sì máa mi àwo náà. Ìmọ́lẹ̀ funfun tí a rán sọ̀kalẹ̀ inú ọ̀pá yóò padà láti ojú méjì lẹ́nu rẹ̀, àwọn ìgbì méjèèjì yóò pàdé ara wọn, bí ẹnu ọ̀pá bá sì ń nípọn sí i ni ìpàdé wọn ń yí padà. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nánómítà. Nítorí pé ohun tí ó so mọ́ ẹnu ọ̀pá nìkan ni ó ń ka, bí omi ṣe rí kò fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú bí ó ti ń da SPR láàmú.

Èyí ló jẹ́ kí ó rọrùn fún omi tí kò mọ́. Ẹ lè rì í sínú omi tí sẹ́ẹ̀lì ti gbé inú rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ èwo nínú àwọn àwo yín ló ń ṣe antibody tí ẹ ń wá. Omi náà kò sì ṣòfò, ẹ lè kó o padà. Bí iná bá lọ, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan lẹ pàdánù. Kò sí ohun tí yóò gbẹ nínú ẹ̀rọ. Ọ̀pá tí wọ́n ti fi ohun tí ń di onílé mú sí lẹ́nu, bíi streptavidin, Protein A tàbí èyí tí ń mú àmì His, wà lọ́jà, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dé lánàá lè ṣiṣẹ́ lónìí.

Ìyẹn náà ni mo fi ń ṣọ́ra fún un. Ìrọ̀rùn rẹ̀ mú kí àwọn èèyàn máa tẹ nọ́ńbà jáde láì yẹ̀ ẹ́ wò. Omi ihò kékeré ń gbẹ bí iṣẹ́ bá gùn, àlejò inú rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i; iṣẹ́ tí ó ń fẹ́ wákàtí mélòó kan ti ìtúká kò bá a mu. Mímì kò dà bí ṣíṣàn: àlejò tí ó tú nínú ihò kan náà kò rí ibi lọ, ó sì lè padà wá so. Ẹ lè fi onílé tí ó wà lómìnira sínú ihò ìtúká kí ó máa gba àwọn tí ó tú, èyí sì ń tún un ṣe díẹ̀. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan kò sì rí bákan náà, kí ẹ máa fi ọ̀pá òfìfo kan àti ihò omi lásán kan sínú gbogbo iṣẹ́, bí ó tilẹ̀ dùn láti fi wọ́n sílẹ̀ kí ẹ bàa lè wo àlejò méjì sí i.

Ohun kan tún wà tí ó kan SPR náà, ṣùgbọ́n orí BLI ni mo ti ń rí i jù. Antibody ní ọwọ́ méjì. Bí ẹ bá so ohun tí ó ń mú mọ́ ẹnu ọ̀pá, tí ẹ wá jẹ́ kí antibody jẹ́ àlejò, yóò fi ọwọ́ méjèèjì di onílé méjì mú, kò sì ní tú mọ́. Nọ́ńbà tí yóò jáde yóò dára ju òtítọ́ lọ lọ́nà tí ń dójú tini. Antibody ni kí ẹ fi ṣe onílé, kí ẹ sì fi ohun tí ó ń mú ṣe àlejò.

Ní ti owó, àwọn kékeré rẹ̀ rọjú ju Biacore lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pá ni yóò jẹ owó yín. Ọ̀pọ̀ wọn ni a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń sọ nù. Ẹ ṣírò ọ̀pá ọdún mẹ́ta kí ẹ tó fi àwọn méjèèjì wéra.

Chip ọlọ́pọ̀ ojú: Carterra

Carterra, ilé-iṣẹ́ kan ní Salt Lake City ní Utah, ló ń ṣe ẹ̀rọ LSA. SPR náà ni, ṣùgbọ́n àwòrán gbogbo ojú chip ni ó ń yà lẹ́ẹ̀kan. Orí olọ́nà 96 yóò tẹ antibody sójú chip ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, a ó sì ní onílé 384. Lẹ́yìn náà a ó rán àlejò kan kọjá lórí gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tí ó ní ọgọ́rùn-ún antibody tí ó fẹ́ mọ èwo ń bá èwo du àyè kan náà lára kòkòrò àrùn kan kò ní rí èyí tí ó yẹ ẹ́ tó èyí. Àlejò tí yóò ná an kéré gan-an bí a bá pín in fún iye onílé náà.

Àbùkù rẹ̀ ni pé gbogbo onílé 384 ni yóò jọ wẹ nínú omi kan náà. Omi olóró tí ó wẹ ọ̀kan mọ́ lè pa ìkejì. LSA kì í ṣe ẹ̀rọ oògùn kéékèèké, kò sì sí ìdí kankan tí làbù tí ń wo ìsopọ̀ mẹ́wàá lọ́dún yóò fi bèèrè iye rẹ̀.

GCI: ìgbì tí ń rìn nínú pélébé

GCI ni grating-coupled interferometry. Ẹ̀rọ rẹ̀, WAVE ti Creoptix, ilé-iṣẹ́ Switzerland tí Malvern Panalytical rà ní 2022, kò lo wúrà. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn gba inú pélébé tín-ín-rín kan, ó sì ń bá àwọn tí ó so mọ́ òkè pélébé náà pàdé ní gbogbo ọ̀nà tí ó ń rìn, kì í ṣe ní ojú kan péré. Ìdí nìyẹn tí àmì rẹ̀ fi mọ́ fún àwọn àlejò kéékèèké. Ọ̀nà omi rẹ̀ wà lára chip tí a ń sọ nù, nítorí náà bí ìdọ̀tí bá dí i, chip lẹ óò pàdánù, kì í ṣe ẹ̀rọ. Omi ibẹ̀ tún ń yára yí padà débi pé a lè rí àlejò tí kò pẹ́ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Wọ́n tún ní ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn: dípò kí a po àlejò ní ìwọ̀n márùn-ún tàbí mẹ́fà, ìwọ̀n kan ni a óò pò, a ó sì máa rán an wọlé ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí ó ń gùn sí i. Ó ń dín àṣìṣe ọwọ́ kù, pàápàá àṣìṣe DMSO. Ohun tí ó kù fún mi láti fẹ̀sùn kàn án ni pé àwọn tí wọ́n ti lò ó kò tíì pọ̀ tó ti Biacore. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹni tí ẹ óò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nítòsí lè ṣọ̀wọ́n.

LSPR: hóró wúrà

LSPR ni localized SPR. Ilé-iṣẹ́ Nicoya, ní Kitchener ní Ontario, ní Kánádà, ni ó sọ ọ́ di ẹ̀rọ orí tábìlì pẹ̀lú OpenSPR. Hóró wúrà kéékèèké ló wà lójú chip dípò pélébé, agbára wọn sì ń kú láàárín nánómítà díẹ̀ péré. Èyí ń dín ariwo omi kù, kò sì fẹ́ kí ooru dúró gangan bíi ti SPR ńlá. Ní ìdà kejì, bí ẹ bá to mólékù lé mólékù lé mólékù, èyí òkè lè ti jìnnà jù fún un láti rí. Ó rọjú púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù. Fún kíkọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti fún pùrótéènì tí ó so pọ̀ dáadáa, ó tó.

Ta ni kí ó mú èwo

Bí oògùn kéékèèké bá ni iṣẹ́ yín, SPR olómi ṣíṣàn tàbí GCI ni kí ẹ mú. N ó mú GCI bí àlejò bá ń lọ kíákíá tàbí bí omi rẹ̀ kò bá mọ́ tó. N ó mú SPR bí ẹni tí yóò ka iṣẹ́ náà bá jẹ́ àjọ ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ oògùn ńlá tí ó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà pípẹ́.

Bí ẹ bá ń yan antibody láàárín ọ̀pọ̀, BLI ni fún yíyan àkọ́kọ́, kí ẹ sì kó àwọn díẹ̀ tí ó bá kù lọ sórí SPR, pàápàá àwọn tí ìtúká wọn bá falẹ̀ ju 10⁻⁴ lọ. Tí wọ́n bá lé ní ọgọ́rùn-ún, kí ẹ wá làbù tí ó ní Carterra kí ẹ sì sanwó iṣẹ́ fún wọn. Kí ẹ má rà á.

Fún làbù yunifásítì tí iná rẹ̀ kò dúró, tí owó rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀bùn ìwádìí ẹ̀ẹ̀kan, BLI kékeré ni n ó kọ́kọ́ gbà á nímọ̀ràn, LSPR ni ìkejì. Kí wọ́n fi ìyókù owó náà ra bátírì tí yóò gbé ẹ̀rọ àti fìríìjì fún wákàtí mẹ́rin, àti ọ̀pá ọdún méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bùn yín ní Biacore àtijọ́, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó gbà á bóyá ilé-iṣẹ́ ṣì ń ṣe àtúnṣe irú rẹ̀, bóyá chip rẹ̀ ṣì wà lọ́jà, àti ìgbà tí omi kọjá nínú rẹ̀ kẹ́yìn.